Ekòló Rọ́bà Gbọ́dọ̀ Tọ́ Lára Ìwọ̀

Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bi mí jù lórí ọ̀rọ̀ bass, ẹja ọlọ́dẹ inú adágún ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ni ti àwọ̀ ìdẹ. Ẹni náà á ti dúró síwájú ògiri ilé ìtajà níbi tí wọ́n gbé ìdẹ rọ́bà kọ́ láti òkè délẹ̀, á ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, èwo ni ká mú nínú ìwọ̀nyí?" Mo máa ń dá wọn lóhùn. Ṣùgbọ́n ẹja tí ẹ kò rí mú lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọ̀ kọ́ ló lé e lọ. Bí ìdẹ ṣe jókòó lára ìwọ̀ ni. Ìdẹ tó bá wọ́ lára ìwọ̀ á máa yí bírí nínú omi, á máa lọ́ okùn mọ́ra, ẹja á wò ó, á sì jẹ́ kó kọjá. Mo fẹ́ kọ bí mo ṣe ń ṣe é sílẹ̀ síbí, kí n lè máa fi ránṣẹ́ sí ẹni tó bá tún béèrè.

Ọmọ Ìlàjẹ ni mí, Igbókòdá ni wọ́n bí mi sí, nítorí náà ìwọ̀ kò ṣàjèjì sí mi. Mesquite tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas, ni mò ń gbé báyìí, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni mò ń ṣe, òru ni mo sì máa ń ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ tí mi ò bá níṣẹ́, èmi àti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi á gba ọ̀nà ìlà-oòrùn lọ sí adágún Lake Fork, ìrìn bíi wákàtí kan àbọ̀. Bí a kò bá fẹ́ lọ jìnnà, a ó lọ sí adágún Ray Hubbard tó wà nítòsí, tàbí ká kàn dúró létí adágún kékeré inú ọgbà ìgbafẹ́.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé nílé, ekòló gidi la máa ń wú létí omi, a ó sì fi gún ìwọ̀ bó ṣe wù wá. Kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí ekòló gidi ń rùn, ó sì dùn lẹ́nu ẹja. Ẹja àrọ̀ tó ń fi imú àti irun ẹnu rẹ̀ wá oúnjẹ nínú ẹrẹ̀ kò bìkítà bóyá ekòló tọ́ tàbí ó ká jọ. Tó bá ti gbé e, á gbé e mì. Bass yàtọ̀. Ojú ló fi ń ṣọdẹ, ó sì ní ìlà kan lára láti ẹ̀yìn orí títí dé ìrù tó fi ń mọ̀ bí omi bá mì nítòsí rẹ̀. Ìrísí ìdẹ àti bó ṣe ń rìn ló kọ́kọ́ kàn án. Tó bá sì gbà láti jẹ, kì í bu ìdẹ díẹ̀díẹ̀. Á la ẹnu gbàgà lójijì, omi á wọ́ wọlé, ìdẹ á bá omi wọlé, omi á wá gba ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ jáde. Bí ohun tó kù sí i lẹ́nu kò bá jọ oúnjẹ, kíá ni á tu ú dànù. Àsìkò kékeré yẹn, láàárín kó gbà á sẹ́nu àti kó tu ú dànù, ni apẹja fi ń jẹun. Gbogbo ohun tí à ń ṣe sí ìdẹ rọ́bà, nítorí àsìkò yẹn ni.

Ìdẹ yìí ti pẹ́ láyé. Ọdún 1949 ni Nick Creme ní ìlú Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ṣe ekòló oníke rírọ̀ tó wá di ohun tí gbogbo ayé ń rà. Nígbà tó yá, ó kó ilé iṣẹ́ rẹ̀ wá sí Tyler níbí ní Texas, ìlú tí kò jìnnà sí Lake Fork. Ìyẹn bá àkókò tí wọ́n ń kọ́ ìdídò káàkiri ìpínlẹ̀ yìí mu. Omi bo igbó, igi dúró sínú adágún, bass sì fi abẹ́ igi àti inú koríko ṣe ilé. Ìwọ̀ tí ẹnu rẹ̀ wà ní gbangba kò lè wọ irú ibẹ̀ kó jáde. Ohun tó bí Texas rig nìyẹn, ìyẹn ìwọ̀ tí a fi ẹnu rẹ̀ pamọ́ sínú ara ìdẹ. Ekòló tó bá júbà ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń lanu fún. Ìdẹ tí kò ní ohunkóhun tó yọ síta á wọ inú koríko, á sì jáde wọ́ọ́rọ́.

Texas rig ni kí ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ kọ́kọ́ kọ́, kó sì lò ó títí tí ọwọ́ rẹ̀ á fi mọ̀ ọ́n kó tó wo òmíràn. Ohun tí ẹ nílò kò pọ̀: òjé oníṣóńṣó tí wọ́n ń pè ní bullet weight, ìwọ̀ tí wọ́n tẹ ọrùn rẹ̀, tí wọ́n ń pè ní offset, àti ekòló rọ́bà. Bí ekòló bá gùn tó ìǹṣì 6, ìwọ̀ 3/0 ló bá a mu (nọ́ńbà ìtóbi ìwọ̀ nìyẹn, 4/0 tóbi ju 3/0 lọ). Bí ó bá jẹ́ ìǹṣì 7 tàbí 8, ẹ mú 4/0. Ekòló ìǹṣì 10 ń fẹ́ 5/0. Bí ìdẹ bá sanra, bí àwọn tó jọ edé tàbí alákàn, ẹ mú ìwọ̀ tí inú rẹ̀ gbòòrò, nítorí bí ẹja bá gé ìdẹ mọ́lẹ̀, rọ́bà gbọ́dọ̀ ráyè tẹ̀ sẹ́yìn kí ẹnu ìwọ̀ lè yọ. Bí kò bá sí àyè yẹn, ẹ ó fa ọ̀pá títí, rọ́bà nìkan ni ẹja á máa gé.

Ẹ kọ́kọ́ ki okùn bọ inú òjé. Ṣóńṣó rẹ̀ ni kó kọjú sí ọ̀pá yín, kí ìdí rẹ̀ tó tẹ́ kọjú sí ìwọ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó so ìwọ̀. Kókó tí wọ́n ń pè ní Palomar ni mo máa ń ta: ẹ ṣẹ́ okùn po sí méjì, ẹ ti orí rẹ̀ bọ ojú ìwọ̀, ẹ ta á ní kókó kan láì tíì fà á, ẹ jẹ́ kí ìwọ̀ fúnra rẹ̀ gba inú okùn tó ká náà kọjá, ẹ fi itọ́ rin ín, ẹ wá fà á le. Ẹ má fo ti itọ́ yẹn o. Okùn gbígbẹ tó bá ń ha ara rẹ̀ máa ń gbóná, pàápàá irú okùn ìpẹja tí wọ́n ń pè ní fluorocarbon, ibi tó sì ti gbóná yẹn ló máa já sí lọ́jọ́ tí ẹja ńlá bá dé.

Ó wá ku ekòló. Ẹ wo orí rẹ̀ dáadáa. Ọ̀pọ̀ ìdẹ rọ́bà ló ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ibi tí mọ́dà ti pàdé nígbà tí wọ́n dà á. Ìlà yẹn ni ẹ ó máa tẹ̀ lé kí ìwọ̀ má bàa yà. Ẹ fi ẹnu ìwọ̀ gún àárín gbùngbùn orí ekòló, ẹ jẹ́ kó wọlé bí ìdámẹ́rin ìǹṣì, ẹ wá darí rẹ̀ jáde ní ìhà ikùn. Abẹ́rẹ́ tí a bá gún ní wíwọ́ lára aláìsàn, wíwọ́ náà ni yóò bá lọ títí dé ibi tó ń lọ, ti ìwọ̀ nínú rọ́bà kò sì yàtọ̀. Bí àárín kò bá ti jẹ́ àárín láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fà á yọ kí ẹ tún un gún. Ẹ má gbìyànjú láti tún un ṣe ní ìparí.

Ẹ fa ìwọ̀ gba ihò yẹn títí ọrùn rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ á fi wọ orí ekòló, tí ojú ìwọ̀ pàápàá á sì fara pamọ́ síbẹ̀. Ẹ yí ìwọ̀ padà kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí ara ekòló. Ibi tí mo máa ń rí i pé ọwọ́ àwọn ènìyàn ti ń yá jù rèé. Ẹ dúró díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ekòló so rọ̀ gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀, kí ẹ wo ibi tí ìsàlẹ̀ ìwọ̀, níbi tó ti tẹ̀ kọrọdọ, bá dé lára rẹ̀. Ẹ fi èékánná sàmì síbẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni ẹnu ìwọ̀ máa wọ̀. Bí ẹ bá gún un lókè ibẹ̀, ìdẹ á fà tantan, á tẹ̀ bí ọrun. Bí ẹ bá gún un nísàlẹ̀, á ká jọ sábẹ́ ìwọ̀. Ẹ ká ara ekòló díẹ̀, ẹ gún un já sí òdìkejì, ẹ wá jẹ́ kó padà tọ́. Bí ó bá rí bó ṣe yẹ, ẹnu ìwọ̀ á sùn lé ẹ̀yìn ekòló. Ẹ wá fà díẹ̀ nínú awọ rọ́bà bo orí ẹnu náà, bíńtín báyìí, tí àtàǹpàkò yín kò fi ní í kọ́ bí ẹ bá fi ra ibẹ̀.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, ó bi mí pé, "Àǹtí mi, ṣé ó ti tọ́ báyìí?" Mo ní kó má bi mí, kó bi omi. Ẹ di okùn mú, kí ìdẹ máa rọ̀ níwájú yín, kí ẹ sì wò ó láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ọ́ sínú omi tí ẹ lè rí ìsàlẹ̀ rẹ̀ létí ẹsẹ̀ yín, kí ẹ fà á kọjá. Bó bá rìn tààrà, tí ìrù rẹ̀ nìkan ń jó, ẹ máa jù ú lọ. Bó bá ń yí, ẹ tún un ṣe. Mo mọ̀ pé ó máa ń dunni láti dúró tún ìdẹ ṣe nígbà tí ẹ ń gbọ́ tí ẹja ń pa omi pààà níwájú, ṣùgbọ́n ìdẹ tó ń yí kò ní í mú ẹja yẹn.

Ti òjé, bó bá ti fúyẹ́ tó láì jẹ́ pé ẹ kò mọ ibi tó wà mọ́, bẹ́ẹ̀ ló dára tó. Oúnsì 1/8 tàbí 3/16 tó fún omi tí kò jìn. Oúnsì 1/4 sí 3/8 ni mo ń lò jù. Bó bá di inú koríko tó dí pa, ó lè tó 1/2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òjé gidi ni gbogbo wa máa ń rà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n tungsten, irin mìíràn tó wúwo ju òjé lọ, ló gbòde báyìí. Ó wọ́n, kò sì ṣeé rò pé ó wọ́n díẹ̀. Mo ṣì ń rà á, nítorí ó kéré sí òjé tí ìwọ̀n wọn jọ jẹ́ ọgbọọgba, ó sì le, nítorí náà bó bá kan òkúta tàbí igi nísàlẹ̀, ọwọ́ yín á gbọ́ ọ láti orí ọ̀pá.

Ibi tó bá jẹ́ koríko tàbí òṣíbàtà, ẹ so òjé mọ́lẹ̀ kó má lè kúrò lórí ìdẹ. Bí ẹ kò bá so ó, òjé á já sí ìsàlẹ̀, ekòló á kù sókè lórí ewé, ẹja tó wà lábẹ́ kò sì ní í rí i. Àwọn àgbà máa ń ki igi ìtayín bọ ihò òjé, wọ́n á sì ṣẹ́ ẹ kúrò. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ igi lè dá okùn lápá. Rọ́bà kékeré tí wọ́n ń tà fún un ni mo gbà yín nímọ̀ràn. Òṣíbàtà tó ń lékè odò nílé ló ń lékè odò níbí náà. Bí oòrùn bá mú, abẹ́ ewé rẹ̀ ni bass máa ń farapamọ́ sí, níbi tí òjìji wà. Ẹ ju ìdẹ sí àlàfo láàárín ewé, ẹ jẹ́ kó rì, kí ẹ sì máa wo okùn. Okùn oníhíhun tó lè gbé pọ́ùn 50 tàbí 65 ni kí ẹ lò níbẹ̀, nítorí igi ewé yẹn le, ẹja á sì fẹ́ wé mọ́ ọn.

Tó bá gbé ìdẹ, ẹ kì í sábà gbọ́ ohun ńlá. Tọ́ báyìí, tàbí kí okùn kàn máa rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́, tàbí kí ìdẹ má tíì dé ilẹ̀ nígbà tó yẹ kó ti dé. Ẹ sọ orí ọ̀pá kalẹ̀, ẹ ká okùn tó dẹ̀, kí ẹ wá fa ọ̀pá sókè pẹ̀lú agbára. Ìwọ̀ ní láti la rọ́bà kọjá kó tó dé ẹnu ẹja, nítorí náà ọ̀pá tó rọ̀ jù kò ṣe é fún iṣẹ́ yìí.

Nígbà ìrúwé, tí omi bá ti ń gbóná kọjá ìwọ̀n 60 lórí Fahrenheit, bass á wá sí etí omi láti yé ẹyin. Akọ ló ń gbẹ́ ilẹ̀ ìyé, òun náà ló sì ń ṣọ́ ẹyin. Lásìkò yẹn, wacky rig ni ẹ ó bá lọ́wọ́ mi. Kò sí ohun tó rọrùn tó o: ẹ mú ekòló rọ́bà gbọọrọ tí kò ní ìrù, irú Senko ìǹṣì 5, ẹ gún un láàárín, ó parí. Iyọ̀ ni wọ́n pò mọ́ ọn tó fi wúwo tó bẹ́ẹ̀, kò nílò òjé kankan. Bó ṣe ń rì, orí rẹ̀ méjèèjì á máa gbọ̀n jẹ́jẹ́, bass kì í sì í lè mú ojú kúrò lára rẹ̀. Ṣùgbọ́n iyọ̀ kan náà ló ń mú kó tètè ya. Ẹ fi òrùka rọ́bà kékeré sí àárín rẹ̀, kí ẹ ki ìwọ̀ sábẹ́ òrùka dípò ara ekòló, ìdẹ kan á sì pẹ́ lọ́wọ́ yín dáadáa. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́, pọ́ùn 8 tàbí 10, ni mo ń lò fún un. Àárín tí mo sọ yẹn náà gbọ́dọ̀ jẹ́ àárín. Bí apá kan bá gùn ju èkejì lọ, á máa fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bó ṣe ń rì.

Carolina rig ni ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ẹja bá ti padà sínú ibú. Òjé wúwo, ìlẹ̀kẹ̀ kan, swivel kan (irin kékeré tó ń yí kí okùn má bàa lọ́), okùn bí ẹsẹ̀ bàtà méjì sí mẹ́rin, kí ìwọ̀ àti ìdẹ wá wà nípẹ̀kun rẹ̀. Òjé á máa wọ́ ilẹ̀, ìdẹ á máa léfòó lẹ́yìn. Ní Lake Fork, ọ̀nà mọ́tò àtijọ́ àti ẹ̀bá adágún àwọn àgbẹ̀ ṣì wà lábẹ́ omi níbẹ̀, orí wọn ni mo sì ń wọ́ ọ lé. Alángbá rọ́bà ni mo fẹ́ràn láti fi sí i. Àwọn apẹja níbí gbà pé bass kórìíra ohun tó bá jọ alángbá nítorí wọ́n máa ń jí ẹyin rẹ̀ jẹ. Ẹsẹ̀ alángbá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa ń fi hàn kíá bí ìwọ̀ bá wọ́, torí náà mo máa ń fi í kọ́ ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bí ẹsẹ̀ méjì bá wo òkè, tí méjì wo ilẹ̀, ẹ ti mọ̀.

Àwọn mìíràn wà, drop shot, Neko, àti Ned rig tí wọ́n fi sọ orí Ned Kehde ti ìpínlẹ̀ Kansas. Wọ́n dára lọ́jọ́ tí ẹja kò bá fẹ́ jẹ. N kò ní í wọ inú wọn lónìí.

Mo gbọ́dọ̀ dá àwọ̀ lóhùn kí ẹ má bàa bínú. Bí omi bá mọ́, aláwọ̀ ewé, green pumpkin tàbí watermelon. Bí omi bá ṣú tàbí tó ní ẹrẹ̀, dúdú tó ní búlúù. Ẹ ra méjì yẹn. Owó tó bá kù, ẹ fi ra ìwọ̀ tó mú.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ jẹ ẹja, ẹ gbọ́. Ẹni tó bá ti pé ọdún 17 gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ ìpẹja ní Texas, ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ sì ni ọ̀pọ̀ nínú èyí tí wọ́n ń rà fún ọdún kan máa ń parí, ìgbà yòówù kí ẹ rà á. Ní Lake Fork, bass tó bá gùn láàárín ìǹṣì 16 sí 24, omi ni ẹ ó dá a padà sí. Ẹyọ kan péré lẹ lè mú tó bá gùn ju 24 lọ. Òfin náà tọ̀nà lójú tèmi. Inú omi yẹn ni Mark Stevenson ti mú ẹja pọ́ùn 17.67 ní 1986, èyí tí ètò ShareLunker ti ìjọba Texas, níbi tí apẹja ti ń yá ìjọba ní bass ńlá fún ìbísí, fi bẹ̀rẹ̀, níbẹ̀ náà ni wọ́n ti mú èyí tó tóbi jù lọ nínú àkọsílẹ̀ ìpínlẹ̀ yìí ní 1992, pọ́ùn 18.18. Kì í ṣe ibi tí ẹnikẹ́ni tó bá ti rí ẹja ti ń gbé e sínú ìkòkò ni irú ẹja bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà. Fún ọbẹ̀, ẹ wá catfish tàbí crappie lọ, wọ́n dùn jù ú lọ pẹ̀lú.

Ìtọ́jú ìdẹ ló kù. Ẹ fi kálukú sílẹ̀ nínú ọ̀rá tí wọ́n fi tà á. Bí ẹ bá kó wọn pọ̀, àwọ̀ kan á ran èkejì. Èyí tí ilé iṣẹ́ Z-Man ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní ElaZtech, kì í bá àwọn yòókù gbé rárá. Bí wọ́n bá fara kanra pẹ́, wọ́n á yọ́ mọ́ra wọn. Ẹ má sì fi ìdẹ sílẹ̀ nínú mọ́tò nínú oòrùn Texas, á ká bí ó bá ṣe sùn sí. Èyí tó bá ti ká kò tíì bàjẹ́ o: mo máa ń gbé omi kaná, mo á bù ú sínú abọ́, mo á ki ekòló bọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, mo á wá tẹ́ ẹ gbọọrọ sórí tábìlì títí yóò fi tutù. Á tún tọ́ bí èyí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Bí orí rẹ̀ bá ya, ẹ gé ibi tó ya náà kúrò, kí ẹ tún ìwọ̀ gún láti ibẹ̀. Èyí tó bá ti kúrú jù fún ìwọ̀ 3/0, ẹ tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé, wọ́n lè fi ìwọ̀ kékeré mú ẹja wẹ́wẹ́ létí omi. Èyí tó bá sì ti já pátápátá, inú àpò ìdọ̀tí ni kó bá yín lọ sílé. Rọ́bà kì í jẹrà nínú adágún. Ẹja á gbé e mì láti ilẹ̀, á wú sínú ikùn rẹ̀, kò sì ní í rọrùn fún un láti yà á jáde. Àpò kékeré kan wà lára àga ọkọ̀ ojú omi wa fún ìyẹn nìkan, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ń bójú tó o.